Ìtọ́kasí Mẹ́ta fún Ọlálẹ́yẹ

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá ọdún 2024, iye ìtọ́kasí tó wà lórúkọ Christianah Ọlálẹ́yẹ jẹ́ mẹ́ta.

Ìtọ́kasí ni kí ẹni tó ń kọ ìwé ìwádìí dárúkọ ẹni tó ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀, kí ó sì sọ ọdún tí onítọ̀hún kọ tirẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń ka àwọn ìwé náà, tó ń ṣírò iye ìgbà tí wọ́n dárúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí wọ́n bá dárúkọ dáadáa ni wọ́n ń sọ di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹni tí wọn ò bá dárúkọ, bí ẹni tí kò ṣiṣẹ́ rí ni.

Gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n ní Adátán l'Abẹ́òkúta, níbi tó ń gbé, Màmá Moyọ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí Moyọ̀sọ́rẹ ọmọ rẹ̀. Nílé ẹ̀kọ́ gíga tó ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe olùkọ́, Màmá Ọlálẹ́yẹ ni. Èmi náà, tí mo kàwé lábẹ́ rẹ̀, kì í pè é ní nǹkan mìíràn lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí mò ń kọ yìí, Ọlálẹ́yẹ ni màá pè é, "ó" ni màá sì lò fún un, kì í ṣe "wọ́n". Ìdí rẹ̀ yóò hàn. Ẹni tó bá rí i bí àìlẹ́kọ̀ọ́, kí ó kà á dé ìparí kó tó bá mi wí.

Wọ́n bí i ní oṣù Kìíní ọdún 1960, sínú ìdílé ọmọ ìjọ Áńgílíkà. Bàbá rẹ̀ ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní. Nígbà tí òun náà di olùkọ́, wọ́n gbé e lọ sí abúlé kan lẹ́bàá Ewékorò. Àwọn ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ àwọn tó ń wa ọkọ̀ símẹ́ńtì ló wà nílé ìwé náà. Tí wọ́n bá ń fọ́ àpáta níbi ìwakùsà lọ́sàn-án, ilẹ̀ á mì, eruku funfun á já láti òkè àjà sórí ìwé, àwọn ọmọ á di àga mú, wọ́n á dúró kó kọjá, wọ́n á sì máa kàwé lọ láti ibi tí wọ́n dúró sí.

Ibẹ̀ ló ti rí ohun tó fi ayé rẹ̀ ṣe. Ìwé kíkà Yorùbá tí wọ́n fún àwọn ọmọ náà kò ní àmì ohùn lórí. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan dìde kàwé, ó ní, "Ìyá mi ń se ẹwà." Ẹ̀wà tí à ń jẹ ló yẹ kó kà. Ọmọkùnrin kan dá a lóhùn láti ẹ̀yìn pé, "Kí wọ́n bu díẹ̀ fún ẹ, ojú ẹ nílò ẹ̀ gan-an." Kíláàsì wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Ọmọbìnrin náà jókòó, kò sì fẹ́ kàwé sókè mọ́ títí sáà yẹn fi parí. Ọlálẹ́yẹ máa ń sọ ìtàn yìí fún gbogbo kíláàsì tó bá kọ́. Tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, á dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, á wá sọ pé, "Ìwé ló ṣàṣìṣe, kì í ṣe ọmọ. Ọmọ la sì fi ṣẹ̀sín."

Ó padà lọ kàwé sí i. Ó gba oyè dókítà. Ní ọdún 2009 ó tẹ iṣẹ́ kan jáde, tó fi hàn pé àwọn ọmọ abúlé yẹn tí wọ́n fi ìwé olámì ohùn kọ́ láti kíláàsì kìíní ń ka Yorùbá já gaara, àti pé nígbà tí wọ́n dé kíláàsì kẹrin, wọ́n ń ka Gẹ̀ẹ́sì náà ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ka iṣẹ́ yìí. Àwọn olùkọ́ láti Adó dé Ilẹ̀ṣà lò ó.

Inú jọ́nà ẹ̀ka wọn ní yunifásítì ló tẹ̀ ẹ́ sí. Jọ́nà ni ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn olùwádìí ń tẹ iṣẹ́ wọn sí. Àtẹ Olùkọ́ ni wọ́n pe èyí. Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ ọ́, orí ohun kan ṣoṣo ló sì dá lé: bí a ṣe ń kọ́ ọmọ kékeré ní ìwé kíkà ní èdè tó gbọ́ láti inú ilé. Èyítáyọ̀, àgbà kan ní ẹ̀ka náà, ló dá a sílẹ̀. Ó ti kú. Òun ló fi òfin kan sí ojú ìwé àkọ́kọ́, tí kò sí jọ́nà mìíràn tí mo mọ̀ tó ní irú rẹ̀: nínú Àtẹ Olùkọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe àgbà lórúkọ lásán. Bí ẹni tí o fẹ́ tọ́ka sí bá jù ọ́ lọ, kọ Bàbá tàbí Màmá síwájú orúkọ rẹ̀, má sì gé orúkọ ìsàmì rẹ̀ kúrú sí ẹyọ lẹ́tà bí ẹni ń kọ nọ́ńbà ọkọ̀. Èyítáyọ̀ ní àwọn òyìnbó lè máa pe bàbá ara wọn ní Smith, àwa kò ní bá wọn dé ibẹ̀.

Ó dùn mọ́ gbogbo wọn. Ó dùn mọ́ Ọlálẹ́yẹ jù. Nígbà tó di olóòtú jọ́nà náà lẹ́yìn Èyítáyọ̀, bíírò pupa ló fi ń ṣọ́ òfin yìí. Mo wà ní kíláàsì lọ́jọ́ tó dá iṣẹ́ Tóyìn padà fún un. Tóyìn ti kọ ọ́ pé, "Ọlálẹ́yẹ (2009) sọ pé…"

"Ọlálẹ́yẹ," ló ń kà á lójú gbogbo wa. "Ọlálẹ́yẹ. Tóyìn, ṣé èmi pẹ̀lú ẹ la jọ ta ayò ní Adátán ni?"

"Rárá, Mà."

"Àbí mo jẹ ẹ́ ní gbèsè?"

"Rárá, Mà. Ẹ má bínú, Mà."

"Inú ò bí mi. Lọ fi Màmá mi sí i kó o gbé e padà wá."

A rẹ́rìn-ín. Tóyìn lọ fi Màmá sí i. Gbogbo wa fi Màmá sí i, nínú gbogbo ohun tí a kọ. Nígbà tí àwọn tó kàwé lábẹ́ rẹ̀ di olùkọ́ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga mìíràn, wọ́n gbé e dání lọ sínú àwọn jọ́nà ibẹ̀. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ wa. Mo ti rò ó dáadáa, mi ò sì lè yọ ìyẹn kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀.

Mo gboyè ní ọdún 2021. Láti ìgbà náà, mò ń tẹ ìwé fún àwọn ènìyàn ní ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà kan ní Òkè-Ìlewó. Ní oṣù Keje ọdún 2024, Ọlálẹ́yẹ wọlé tọ̀ mí wá.

"Ọládipọ̀, o kú iṣẹ́ o. Wá bá mi wo iye tí wọ́n tọ́ka sí mi lórí ẹ̀rọ yín yìí. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ mọ́ ìwé ìgbéga mi."

Ohun tó fẹ́ gbà kì í ṣe oyè lásán. Ẹni ọdún márùn-dín-láàádọ́rin ni òfin ní kó fẹ̀yìn tì, ó sì máa pé ọdún náà ní oṣù Kìíní. Bí ó bá di ọ̀jọ̀gbọ́n, á lo ọdún márùn-ún sí i. Ọdún márùn-ún yẹn ló ń wá. Láti ìgbà tí àwọn ọmọ kíláàsì kìíní kan wọlé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ní ilé ìwé abúlé kan náà, ló ti ń tẹ̀lé wọn. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló máa ń lọ sí Ewékorò, tó ń gba ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kàwé. Ó fẹ́ tẹ̀lé àwọn ọmọ yẹn gan-an dé ìdajì ilé ìwé girama, láti mọ̀ bóyá ohun tó rí ní kíláàsì kẹrin ń dúró lára ọmọ tàbí ó ń ṣí kúrò. Kò sí ẹni tó tíì ṣe é rí nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Yunifásítì ló fún un ní ìwé àṣẹ tó fi ń wọ ilé ìwé náà. Bó bá fẹ̀yìn tì, ìwé náà kú.

Mo tẹ orúkọ rẹ̀ sí i.

"Mẹ́ta ni, Mà."

"Mẹ́ta kí ni?"

"Ìtọ́kasí yín. Mẹ́ta ni."

"Tún un wò. Ó dà bíi pé o ò tíì jẹun."

Mo tún un wò. Mẹ́ta náà ni. Mo wá tẹ àkọlé iṣẹ́ ọdún 2009 dípò orúkọ rẹ̀. Àwọn ìwé tó lò ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ní ibi tó yẹ kí ẹ̀rọ kọ orúkọ ẹni tó ni iṣẹ́ sí, Mama, O. ló kọ. Ọ̀rọ̀ tó bá ṣáájú ni ẹ̀rọ náà ń mú bí orúkọ ìdílé. Ó ti rí Màmá Ọlálẹ́yẹ, ó sì gbà pé obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Màmá, tí orúkọ rẹ̀ kejì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú O.

Mama, O. ní ìtọ́kasí 187. Kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní ẹ̀ka wọn tó ní ìdajì rẹ̀.

Ọlálẹ́yẹ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Ṣé Mama O ni mo wá dà báyìí?" Lẹ́yìn náà ló sún àga mọ́ ọn. Ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Èmi ni mo ń fi í sí i." Òótọ́ ni.

Mo ṣí gbogbo wọn kà. 141 nínú wọn jẹ́ tirẹ̀, àkọlé àti ọdún bá tirẹ̀ mu láìsí àní-àní. Ìyókù jẹ́ ti Màmá Ọláìtán kan ní Adó àti àwọn màmá mìíràn tí ẹ̀rọ kó pọ̀ mọ́ ọn. Ohun tó kù ni kí olóòtú Àtẹ Olùkọ́ sọ fún ìgbìmọ̀ ìgbéga pé òfin jọ́nà òun ló fà á, pé Ọlálẹ́yẹ ni Màmá Ọlálẹ́yẹ.

Olóòtú nígbà náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínrẹ̀mí. Òun náà kàwé lábẹ́ Ọlálẹ́yẹ. Láti ọdún 2018 ló ti gba jọ́nà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sọ ọ́ di ti Gẹ̀ẹ́sì, ó mú orí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò lórí ìwé kíkà ọmọdé, ó sì ń gba ohun gbogbo wọlé: ìṣàkóso ilé ìwé, okòwò, kọ̀ǹpútà. Kí ó tó gba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ tọ́ka sí iṣẹ́ mẹ́ta, ó kéré tán, tó ti jáde nínú jọ́nà náà. Báyìí ni nọ́ńbà jọ́nà náà, ìyẹn iye ìtọ́kasí rẹ̀, ṣe ń gòkè. Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, ó ń dúró kí àwọn kan lókè òkun gbà á sínú ẹgbẹ́ àwọn jọ́nà tó lórúkọ.

Nígbà tí mò ń ka àwọn ìwé náà, mo rí ohun kan. Títí di ọdún 2018, Bàbá Akínrẹ̀mí ni wọ́n ń kọ nínú Àtẹ Olùkọ́. Láti ọdún náà lọ, Akínrẹ̀mí, J. ni. Màmá Ọlálẹ́yẹ kò yí padà. Ìyẹn ni pé Akínrẹ̀mí mọ̀. Ẹni tó bá a gbé jọ́nà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì á ti ṣàlàyé fún un bí ẹ̀rọ ṣe ń ka orúkọ. Ó yọ Bàbá kúrò lórí tirẹ̀, ó fi Màmá sílẹ̀ lórí tìyá náà.

A jọ lọ bá a ní ọ́fíìsì. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Ọlálẹ́yẹ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó fi àga tirẹ̀ fún un jókòó. Mo bi í léèrè ohun tí mo rí.

Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó ń fi ọwọ́ òsì jẹun. "Ọ̀gbẹ́ni, ìwọ lè máa pè wọ́n lórúkọ. Wọn ò kọ́ èmi bẹ́ẹ̀ nílé."

"Akínrẹ̀mí," ni Ọlálẹ́yẹ wí, "kọ ọ́ fún wọn pé èmi ni. Ìlà mẹ́ta ti tó."

"Ẹ jẹ́ kí n wò ó, Màmá."

"Kí lo fẹ́ wò níbẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ kí n ṣì wò ó, Màmá mi. Àwọn ará òkè òkun yìí ń wò wá lọ́wọ́. Bí wọ́n bá gbọ́ pé orúkọ inú jọ́nà wa kò dúró dáadáa…" Kò parí rẹ̀. Ó sìn wá dé ìdí ọkọ̀.

Kò kọ ọ́.

Ìgbìmọ̀ jókòó ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá. Èmi ni mo gbé kọ̀ǹpútà wọlé láti fi hàn wọ́n, ìdí nìyẹn tí mo fi gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Gbogbo wọn dìde nígbà tí Ọlálẹ́yẹ wọlé. Wọ́n kí i kú ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n béèrè Moyọ̀sọ́rẹ. Alága wá sọ pé, "Màmá, ìtọ́kasí mẹ́ta la rí."

"Ẹ wo Mama O., sà."

"Ta ni Mama O?"

"Èmi ni."

Ọkùnrin kan lápá òsì alága rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín burúkú. "Màmá, gbogbo obìnrin tó ti bímọ l'Abẹ́òkúta ni Mama O." Àwọn yòókù bá a rẹ́rìn-ín. Ọlálẹ́yẹ náà rẹ́rìn-ín. Mo fi ìwé kọ̀ọ̀kan hàn wọ́n. Wọ́n wò ó, wọ́n mi orí. Alága yíjú sí Akínrẹ̀mí, tó jókòó nínú ìgbìmọ̀ náà.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ jẹ́ olóòtú. Ṣé àwọn ni?"

Akínrẹ̀mí wo tábìlì. "Ó lè jẹ́ àwọn, sà. Ó lè má jẹ́ àwọn. Ẹ̀rọ ló mọ̀."

Wọ́n kọ mẹ́ta sílẹ̀. Nígbà tó fẹ́ jáde, wọ́n tún dìde. Akínrẹ̀mí ló gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì bá a gbé e dé ẹnu ọ̀nà.

Ó fẹ̀yìn tì ní oṣù Kìíní. Wọ́n ṣe ìsìn ìdúpẹ́ fún un, wọ́n gbé fọ́tò rẹ̀ kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀ka náà. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni "Màmá Wa". Lóṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n gba Àtẹ Olùkọ́ wọlé lókè òkun, wọ́n sì tẹ nọ́ńbà rẹ̀ tuntun sí iwájú ìwé.

Ọlálẹ́yẹ kò dẹ́kun Ewékorò. Ó ṣì ń wọkọ̀ lọ ní Ọjọ́bọ̀, lówó ara rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó fi ń gba ohùn nínú báàgì. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025 mo bá a lọ. Ọ̀gá ilé ìwé náà, Ameenah, pàdé wa lẹ́nu géètì. Ó kúnlẹ̀ sínú eruku funfun yẹn, pẹ̀lú híjáàbù rẹ̀ tó mọ́ tónítóní.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ kú ìrìn."

"O ṣeun, Ameenah. Dìde, eruku ń bà ẹ́ láṣọ jẹ́."

Kò dìde. "Màmá, ẹ má bínú. Wọ́n ti wá bẹ ilé ìwé wò. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tí kò bá ní ìwé láti yunifásítì, kí n má jẹ́ kó gba ohùn àwọn ọmọ sílẹ̀ mọ́."

"Mi ò ní gba nǹkan kan sílẹ̀. Kí n kàn jókòó lẹ́yìn, kí n gbọ́ wọn."

"Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ̀mí yín á gùn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi."

Ọlálẹ́yẹ ní, "Mo gbọ́." Ó fa Ameenah dìde. A ò lọ lójú ẹsẹ̀. Kíláàsì kẹrin ló sún mọ́ ọ̀nà jù, wọ́n sì ń kàwé. Ó dúró ti ògiri, ó ń gbọ́. Ó mọ ohùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pe orúkọ wọn sí mi létí bí wọ́n ṣe ń kà. Nígbà tó yá, ọ̀kan ṣì í kà. Ọlálẹ́yẹ la ẹnu láti tún un ṣe, ó sì pa á dé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àpáta lápá ibi ìwakùsà. Ilẹ̀ mì. Àwọn ọmọ dákẹ́ díẹ̀, wọ́n tún ń kà á lọ. Ó ní ká máa lọ sílé.

Kò tíì padà síbẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ohùn àwọn ọmọ náà láti kíláàsì kìíní dé sáà kẹta kíláàsì kẹrin wà nínú yàrá rẹ̀ ní Adátán. Mo ti bá a kọ̀wé sí àwọn tó ń ran olùwádìí lọ́wọ́, ní Èkó àti lókè òkun, pé kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà sábẹ́ ara wọn, kí ó lè rí ìwé àṣẹ gbà. Àwọn méjì dáhùn. Àwọn méjèèjì béèrè iye ìtọ́kasí rẹ̀. A sọ fún wọn. Wọn ò kọ̀wé mọ́. Àwọn ọmọ náà ti wà ní kíláàsì karùn-ún báyìí, wọn ò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó dàgbà.

Ìwọ olùkọ́ tí o ń ka èyí, tí o ti fi iṣẹ́ Ọlálẹ́yẹ gba oyè, mo mọ̀ pé o wà. Mo ti ka ìwé rẹ. Bí o bá pàdé rẹ̀ ní Adátán, má dọ̀bálẹ̀, má kúnlẹ̀, má gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti ṣe ìyẹn fún un tó. Lọ sílé, ṣí ohun tí o kọ, wá ibi tí o ti pè é ní Màmá, pa á rẹ́. Kọ Ọlálẹ́yẹ, C. síbẹ̀, kí o sì fi àtúnṣe náà ránṣẹ́ sí olóòtú tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ṣe é lónìí.